Ọjọ́ Tí Mo Túmọ̀ Èdè Tí Mi Ò Gbọ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ̀rù tó tún bà mí. Èmi Mojísọ́lá ni mo gba iṣẹ́ mọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi iṣẹ́ náà pa ọmọ ọlọ́mọ. Kì í ṣe ayé ló ṣe mí. Kì í ṣe Èṣù. Ẹnu mi yìí ni.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ wà ní kíláàsì àṣekágbá lọ́dún yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí jù. Àwọn òbí yín náà lè fetí sí i.

Ọdún kejì òmìnira ni. Mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Lọ́kọ́ja. Bàbá mi, ọmọ Ìyàrà, jẹ́ akọ̀wé ìjọba. Ọ̀rẹ́ mi Jẹ̀mílátù jẹ́ ọmọ àwọn ará Ìlọrin tó ti ń ta aṣọ ní àdúgbò ọjà Kpata kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀ gan-an. A jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ni, a jọ ń jẹ gúgúrú nínú ìwé kan.

Olùkọ́ wa kan wà, Mísìs Bámiṣayé. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló máa ń kó wa jọ. Ó ní ìwé nìkan ò tó, pé iṣẹ́ àti ayé ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Á gbé àga síwájú, á fi awò sójú, á di ọ̀gá ilé iṣẹ́. Àwa á máa wọlé tọ̀ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá iṣẹ́.

“Má sáré jókòó! Ta ló ní kí o jókòó?” Bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn. “Ohun tí o bá mọ̀, sọ pé o mọ̀ ọ́n. Èyí tí o ò bá mọ̀, sọ pé, ‘Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà, ṣùgbọ́n màá kọ́ ọ.’ Ìyẹn kì í pa ènìyàn.”

Jẹ̀mílátù ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù.

“Ṣé o mọ aṣọ rán?” Mísìs Bámiṣayé á bi í.

“Díẹ̀díẹ̀, Mà.” Ẹni tó rán gbogbo yẹ̀rì tó wà lára wa!

“Ìṣirò ńkọ́?”

“Díẹ̀díẹ̀, Mà.” Ẹni tó ń gba ipò kìíní láti kíláàsì kejì!

Mísìs Bámiṣayé á fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Jẹ̀mílátù! Òyìnbó á gbà ọ́ gbọ́ o!”

Kò lè ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́ ni. Nílé wọn, ọmọ tó bá ń yin ara rẹ̀ lójú àgbà, ìyá àgbà á ní ta ló kọ́ ọ nírú ìwà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe tọ́ èmi náà, ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni kò mú mi. Nígbà tó bá kàn mí, màá ti ẹnu ọ̀nà máa yangàn wọlé. Àwọn yòókù á pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ kan ni Mátíróọ̀nù ilé ìwòsàn wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Òyìnbó obìnrin, ó ga, kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun máa kọ́ ní wọ́ọ̀dù, bó bá ṣe dáadáa, òun á fi í ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Kàdúná. Ó ní ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Núpé. Àwọn obìnrin ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọmọ wá láti òkè odò, òun ò sì rí ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Gbogbo kíláàsì yí ojú sí Jẹ̀mílátù. Obìnrin Núpé ló gbé e pọ̀n dàgbà. Etí odò ló ti ṣeré. Bó bá ń ná ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, wọ́n á ní ta ló gbé ọmọ àwọn fún Yorùbá.

Ohun kan tún wà tí èmi nìkan mọ̀. Bàbá rẹ̀, Àlàájì Àrẹ̀mú, ti sọ fún un pé, “Bí Òyìnbó bá mú ọ, ó dáa, lọ ṣiṣẹ́. Bí wọn ò bá mú ọ, Rùfáì tó ń ta aṣọ òkè n’Ílọrin ti ń dúró.” Jẹ̀mílátù sunkún lé mi léjìká nítorí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó wọlé tọ Mátíróọ̀nù lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́.

“Ṣé o gbọ́ Núpé?”

Mo mọ̀ pé ó ti dorí kodò.

“Díẹ̀díẹ̀, Mà.”

Áà, Jẹ̀mílátù! Mo fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tó kàn mí, Mátíróọ̀nù kò tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè tèmi. Ó ní, “Ọmọ tó jáde yẹn, mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ ni. Ó ní díẹ̀díẹ̀ lòun gbọ́ Núpé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dúró níbí yìí. Mo ti ń padà síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fẹ́ lẹ́nu mi. Kí n ṣáà sọ pé, “Ẹ má dá a lóhùn, Mà, ó gbọ́ ọ ju àwọn tó ni ín lọ.” Màá rẹ́rìn-ín, Òyìnbó á rẹ́rìn-ín, ó parí.

Ṣùgbọ́n mo rí aṣọ funfun. Mo rí bàbá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti ń sọ fún gbogbo ìjọ pé Mojí òun á di nọ́ọ̀sì. Mo rí ara mi nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kàdúná. Ẹkún Jẹ̀mílátù náà wá sí mi lọ́kàn, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ kún irọ́. Mo rántí rẹ̀ dáadáa, mo sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà,” ni mo wí. “Díẹ̀díẹ̀ náà ni.”

“Ìwọ ńkọ́?”

Mo bá la ẹnu, mo da gbogbo kíkí Núpé tí Jẹ̀mílátù ti kọ́ mi jáde. Kíkí àárọ̀, kíkí ọ̀sán, báwo ni ti ilé, báwo ni ti ọmọ, èló ni ẹja. Ṣebí ará Lọ́kọ́ja ni wá, ta ni kò mọ kíkí èdè mẹ́ta mẹ́rin nínú wa? Mo sọ ọ́ kíákíá, kò sí ìdádúró. Òyìnbó tí kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀ ń mi orí.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn.

Jẹ̀mílátù dì mọ́ mi. Kò mọ nǹkan kan. Ó ní, “Kò burú, Mojí, inú mi dùn pé ìwọ ni. Núpé yẹn, máa bọ̀ nílé wa, màá kọ́ ọ.” Ẹ gbọ́ o, ó ní òun á kọ́ mi! Ká ní mo lọ ni, bóyá ọ̀rọ̀ yìí ì bá má dà báyìí. Mi ò lọ. Ojú tì mí láti wo ojú rẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù, ó kọ́kọ́ rọrùn. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin òkè odò ló gbọ́ Haúsá, Haúsá ọjà sì wà lẹ́nu mi. Màá kí wọn ní Núpé kí Mátíróọ̀nù gbọ́, màá wá fi Haúsá bá wọn parí rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Mo ní kí ló wá le níbẹ̀? Mo tilẹ̀ ń yan.

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Obìnrin kan gbé ọmọ dé. Ọmọkùnrin ni, kò tíì ju ọmọ tó ń sáré kiri lọ. Bó bá ti mí, àyà rẹ̀ á máa hanrun, á máa dún fíí. Dókítà wa, ará Íńdíà ni, ó ní kí n bi ìyá rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo kí i ní Núpé. Ojú obìnrin náà là gbàà! Ó rò pé òun ti rí ara ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ ràì, ó ń fọwọ́ kan ẹnu, ó ń fọwọ́ kan ọ̀fun, ó tún ń fi ọwọ́ hàn bí nǹkan ṣe kéré tó. Mo fi Haúsá bi í. Kò gbọ́ Haúsá. Mo fi Yorùbá bi í. Ó ń wò mí.

“Kí ló wí?” Dókítà ń dúró.

‘Mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n màá kọ́ ọ.’ Ọ̀rọ̀ Mísìs Bámiṣayé dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì.

“Ó ní ikọ́ ni, Dókítà. Ó ní ọ̀fun ń dùn ún, kò sì lè jẹun.”

Wọ́n gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ ikọ́, wọ́n fún un ní oògùn ìgò.

Bàbá kan tó wá wo ìyàwó rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀dì kejì gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ó yọjú sí mi, ó fi Haúsá sọ pé Núpé lòun, pé ṣé kí òun bá mi túmọ̀ rẹ̀? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, Mátíróọ̀nù ń bọ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ mi ni,” ni mo wí, mo sì ní kí ó jáde, pé àkókò ìbẹ̀wò ti tán.

Mo lé e jáde! Ẹ wò ó, bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ara mi ń bù mí jẹ.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà le sí i. Ìyá rẹ̀ ò jókòó. Bí mo bá kọjá, á di aṣọ funfun mi mú, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà láti orí dé ìdí, ẹnu, ọ̀fun, ohun kékeré. Màá fi Haúsá ní, “Sánnù, sánnù,” màá já aṣọ gbà. Ohùn rẹ̀ há. Ó tún ń sọ ọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, ètè ọmọ náà dúdú bí aró. Dókítà sáré dé. Ó gbọ́ àyà rẹ̀ ní ọ̀tún, ó gbọ́ ọ ní òsì, ó yí ojú sí mi.

“Kì í ṣe ikọ́ nìkan lèyí. Bi í dáadáa! Kí ni ọmọ yìí ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀? Bi í kíákíá, ó ń kú lọ!”

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹnu tó máa ń yangàn wọ kíláàsì, ẹnu tó kí Òyìnbó ní kíkí mẹ́wàá, ó gbẹ. Obìnrin náà ń wo ẹnu mi. Dókítà ń wo ẹnu mi.

“Mò ń bọ̀, Dókítà,” ni mo wí, mo sì fi eré gé e.

Mo sáré jáde ní géètì, bàtà kan bọ́, mi ò padà mú un. Mo sáré wọ Kpata, mo ń kọlu àwọn alátẹ, wọ́n ń ṣépè fún mi. Àwọn tó gbọ́ Núpé pọ̀ lójú ọ̀nà tí mo ń kọjá lára wọn, orí mi ò ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló mọ ibi tó ń lọ. “Olúwa, má jẹ́ kí ó kú. Olúwa, má jẹ́ kí ó kú.” Bí mo ṣe ń sọ ọ́ kíkankíkan nìyẹn.

Mo dé ilé Àlàájì Àrẹ̀mú, mo bá ẹsẹ̀ ènìyàn rẹpẹtẹ. Ọjọ́ yìgì Jẹ̀mílátù ni. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí, mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wá. Ó jókòó lórí ẹní nínú yàrá, wọ́n ti lé làálì sí i lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ewé wé e, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń kọrin.

Mo wólẹ̀ lójú gbogbo wọn.

“Jẹ̀mí, gbà mí! Ọmọ kan ń kú lọ nílé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ń sọ Núpé, mi ò gbọ́. Mi ò gbọ́ Núpé rí! Mo parọ́ fún Mátíróọ̀nù.”

Orin dá. Jẹ̀mílátù ń wò mí. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i lára.

“Ọmọ náà ṣì ń mí?” ni gbogbo ohun tó bi mí.

“Ó ń mí díẹ̀.”

Ó dìde. Ìyá rẹ̀ pariwo pé ìyàwó kì í jáde! Àlàájì Àrẹ̀mú ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú rawàní rẹ̀.

“Jẹ̀mílátù, àwọn àna rẹ wà ní pálọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ò gbọdọ̀ kan ìta.”

“Bàbá mi, ẹ foríjì mí,” ló wí, ó kúnlẹ̀, ó dìde. “Ẹ̀yin lẹ máa so yìgì, kì í ṣe èmi. Ẹ máa so ó lọ, mò ń bọ̀.”

Ó gba abẹ́ apá bàbá rẹ̀ kọjá. A jọ sáré. Ewé ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, làálì tútù ń kán sílẹ̀, àwọn ènìyàn ọjà ń la ẹnu wò wá. Jẹ̀mílátù kò dúró títí a fi wọ wọ́ọ̀dù.

Ó kúnlẹ̀ ti obìnrin náà, ó sọ̀rọ̀ kan. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó gbá a mú léjìká, ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Jẹ̀mílátù gbé ojú sókè sí Dókítà, èdè Òyìnbó rẹ̀ dúró ṣinṣin.

“Ó ní ẹ̀pà ni. Ọmọ náà ń jẹ ẹ̀pà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀pà náà gba ọ̀nà èémí. Láti ìgbà náà ló ti ń mí báyìí.” Obìnrin náà tún sọ̀rọ̀, ó nàka sí mi.

“Kí ló tún wí?” Dókítà ti gbé ọmọ náà lọ́wọ́.

Jẹ̀mílátù wo ojú mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ojú. Ó yí ojú kúrò lára mi.

“Ó ní láti àná lòun ti ń sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì yìí. Ó ní òun sọ ọ́ títí ohùn òun fi há.”

Dókítà ò dúró dáhùn. Ó gbé ọmọ náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mátíróọ̀nù dé, wọ́n ti ròyìn fún un. Kò tíì wò mí. Jẹ̀mílátù ló ń wò, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ní làálì.

“Ìwọ ni ọmọ ọjọ́ yẹn. O sọ fún mi pé díẹ̀díẹ̀ lo gbọ́ ọ.”

“Bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti máa sọ ọ́ nìyẹn, Mà. Ọ̀rẹ́ mi mọ̀.”

Ìgbà yìí ni Mátíróọ̀nù yí sí mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Mo bi ọ́,” ló wí. “Mo bi ọ́ nípa rẹ̀.”

Jẹ̀mílátù ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Irọ́ Núpé, ó ti gbọ́ ọ nílé, ó sì tẹ̀ lé mi wá. Èyí ni kò gbọ́ rí. Ó fi ọwọ́ ti ògiri, làálì ya ọwọ́ rẹ̀ sí ara ògiri funfun náà. Kò bú mi. Ì bá bú mi!

Ilẹ̀kùn ṣí. A gbọ́ igbe ọmọ kó tó di pé a rí Dókítà. Ààbọ̀ ẹ̀pà ló wà nínú abọ́ irin tó gbé lọ́wọ́, ó ti wú, ó ti rọ̀. Ìyá ọmọ náà sáré wọlé. Nígbà tó jáde, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí nílẹ̀, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi, kò gùn.

Mo bi Jẹ̀mílátù pé kí ló wí. Kò dá mi lóhùn. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí obìnrin yẹn sọ fún mi.

Mátíróọ̀nù fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé Jẹ̀mílátù lọ sí Kpata pé òun fẹ́ mú un lójú ẹsẹ̀. Àlàájì Àrẹ̀mú gbé àga fún un, ó fún un lómi, ó gbọ́ ọ tán.

“Mádàámù, ẹ ṣeun,” ló ní. “Wọ́n ti so yìgì. Ó ti di ìyàwó onílé.”

Ọ̀la ọjọ́ náà ni lọ́rì gbé e lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ní làálì rẹ̀ ò mú, pé kò pọ́n tó ní ọwọ́ kan, pé àwọn obìnrin ilé ọkọ ń béèrè ìdí.

Wọ́n gba aṣọ funfun lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ò nà mí. Láti ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i pé, “Ọ̀kun o, bàbá nọ́ọ̀sì,” á kàn dórí kodò ni. Mo gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu fún ẹni tó bá pè é. Ní òpin gbogbo rẹ̀, Mísìs Bámiṣayé ló wá mi rí, tó ní kí n máa bọ̀ wá ran òun lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, kí n máa jókòó lórí àga ọ̀gá ilé iṣẹ́. Mo ní ojú ń tì mí. Ó ní ìyẹn gan-an ló fi yẹ mí.

Ọdún méje rèé tí mo ti ń jókòó níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi. Jẹ̀mílátù ni. Ó sanra díẹ̀, ó pọn ọmọ, àbúrò rẹ̀ Kàrímọ́tù dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú yẹ̀rì ilé ẹ̀kọ́. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun ò wá nítorí ìyẹn.

“Ilé ìwòsàn ń wá ọmọ kan,” ló wí. “Wọ́n máa pe Kàrímọ́tù ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá ò ní sọ ọ̀rọ̀ ọkọ mọ́, mo ti bá a jà á. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Kọ́ ọ.”

Mo gbé àga síwájú. Kàrímọ́tù jáde, ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, kò sáré jókòó.

“Ṣé o gbọ́ Núpé?” ni mo bi í.

Ọmọ náà dorí kodò. “Díẹ̀díẹ̀, Mà.”

Mo yí ojú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti orí ẹní níbi tó ti ń fún ọmọ lọ́yàn, Jẹ̀mílátù sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

“Mojí,” ló wí. “Tún un bi í.”

Mo tún un bi í.